Ilé modular ní Under G: kọ̀ǹténà ni àbí pánẹ́lì?

Ará_Arówómọlé béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Ajílété. Ilẹ̀ kan wà ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò jìnnà sí yunifásítì LAUTECH. Háyà ọdún 10 ni, kì í ṣe rírà. Yàrá 8 la fẹ́ ṣe sí i fún akẹ́kọ̀ọ́, kí kálukú ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Tí háyà bá tán, a fẹ́ lè tú ilé náà kó lọ. Ìdí nìyẹn tí ọkàn wa fi lọ sí ilé modular, èyí tí wọ́n ń ṣe ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n á kàn wá gbé kalẹ̀. Ṣé kọ̀ǹténà àlòkù ló dáa ni, àbí pánẹ́lì onífóòmù? Báwo ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe ń rí? Kí ló sì máa ń ba irú ilé yìí jẹ́? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà ni kó jọ̀ọ́ dá wa lóhùn.

Ẹnjiníà_Tákíè:

Ẹ kú ìnáwó o. Ká ní ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀ ni, búlọ́ọ̀kù ni ǹ bá ní kí ẹ fi kọ́ yàrá 8, torí bíríkìlà, yanrìn àti òkúta kò jìnnà sí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Háyà ló yí ọ̀rọ̀ padà. Búlọ́ọ̀kù tí ẹ bá tò sórí ilẹ̀ onílẹ̀, onílẹ̀ ló ni ín.

Ẹ jẹ́ ká wọn kọ̀ǹténà wò. Fífẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ mítà 2.35. Tí ẹ bá fi fóòmù sẹ̀ǹtímítà 5 sí ògiri méjèèjì, tí ẹ tún fi bọ́ọ̀dù bò ó, ó ku bíi 2.23. Bẹ́ẹ̀dì kan á wọ̀ ọ́, ọ̀nà á ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n ẹni méjì á máa forí gbárí níbẹ̀. Ní ti gíga, èyí tó wọ́pọ̀ ga ní mítà 2.39 nínú, tí síílìn bá wọ̀ ọ́ tán, fáànù ò ní ríbi yí. Èyí tí wọ́n ń pè ní high cube ga tó 2.69, ìyẹn ni kí ẹ wá. Ẹlẹ́sẹ̀ 40 ló pọ̀ jù nínú wọn, yàrá 2 ló sì wà nínú ọ̀kan, torí náà 4 lẹ máa rà.

Tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ wọnú rẹ̀, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ yín, kí ẹ wòkè: ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ, òjò á gbabẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, torí àwọn irin tó gbé pákó ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dípẹtà. Pákó náà fúnra rẹ̀ jẹ́ plywood mílímítà 28 tí wọ́n sábà máa ń fi oògùn kòkòrò rẹ. Ènìyàn ò gbọdọ̀ sùn lórí oògùn yẹn láìbò ó. Ẹ yọ ọ́, tàbí kí ẹ fi epoxy, ọ̀dà líle tó ń dí ojú pákó, bò ó ṣinṣin kí táìsì tó gorí rẹ̀.

Fún ibùgbé, ohun tí mo fara mọ́ ni fírémù irin pẹ̀lú pánẹ́lì. Wọ́n lè kó pánẹ́lì wá ní pẹlẹbẹ lórí trélà, kí wọ́n wá tò ó ní Under G. Nípa bẹ́ẹ̀, yàrá lè fẹ̀ dé mítà 3 láì ní wàhálà lójú ọ̀nà. Lọ́dún kẹwàá, bóòtù lẹ máa tú.

Ìpìlẹ̀: ẹ má da kọ̀ǹkéré bo gbogbo ilẹ̀. Páàdì ló yẹ, 6 fún kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ 40 tàbí fírémù tó gùn tó bẹ́ẹ̀: igun mẹ́rin, àti méjì láàárín nítorí ibi tí wọ́n ti máa gé ilẹ̀kùn. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dúdú òkè kúrò títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ pupa tó le. Páàdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 lọ́nà méjèèjì, kó jìn ní 50. Sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta 4, pẹ̀lú ọ̀pá irin mílímítà 12 tí wọ́n hun ní sẹ̀ǹtímítà 15 síra. Páàdì 6 á jẹ nǹkan bíi báàgì sìmẹ́ǹtì 7. Lórí rẹ̀, ẹ gbé òpó kúkúrú tí pèpéle irin mílímítà 12 wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú bóòtù, kí ilé ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 sílẹ̀. Atẹ́gùn á máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ ó sì tètè rí ojú ọ̀nà ikán. Ikán ò lè jẹ irin, àmọ́ ó ń gun irin lọ jẹ pákó.

Rọ́bà omi tí bíríkìlà fi ń wo bóyá ojú ibì kan dọ́gba ni kí ẹ fi wọn orí páàdì, kí ọ̀kan má fi ju mílímítà 5 lọ ga ju èkejì lọ. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù nìyẹn. Tí igun kan bá rẹlẹ̀, fírémù á lọ́, ilẹ̀kùn á há, ẹ ó wá máa bá káfíńtà jà lórí ohun tí kò ṣe.

Wẹ́dà_Sábó:

Ọ̀rọ̀ ẹnjiníà péye. Tó bá ṣe pé kọ̀ǹténà lẹ ṣì máa lò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé mọṣíìnì ìgérin lé e kó tó jó fírémù. Agbára rẹ̀ wà ní òpó igun mẹ́rin àti irin gbọọrọ òkè àti ìsàlẹ̀. Ògiri tó dà bíi páànù yẹn ò nípọn ju mílímítà 2 lọ, òun ló sì ń di irin òkè mú kó má tẹ̀. Gbogbo ojú fèrèsé àti ilẹ̀kùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi páìpù oníhà mẹ́rin, mílímítà 75 × 50 × 3, jó yí ká. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n gé e.

Ooru wá ńkọ́? Fóòmù inú nìkan ò tó o! Òrùlé kejì ni òògùn rẹ̀. Ẹ gbé páànù alumíníọ̀mù mílímítà 0.45 sórí rẹ̀, kí ó tó sẹ̀ǹtímítà 40 láàárín òun àti òrùlé irin, kí ó sì yọ 80 síta ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Oòrùn á máa bá páànù jà, atẹ́gùn á máa gbá ooru lọ kó tó dé orí yàrá. Fèrèsé méjì tó kọjú síra ṣe pàtàkì pẹ̀lú.

Ojú ibi tí yàrá kan ti pàdé èkejì ni òjò ń bá wọlé. Irin mítà 12 máa ń na ju mílímítà 4 lọ tí ooru ara rẹ̀ bá fi digírì 30 lọ sókè, á tún súnkì lálẹ́. Sílíkónì tí wọ́n fi dí àlàfo nìkan á ya. Páànù tí wọ́n tẹ̀ ni kó bo àlàfo náà, kí wọ́n kan ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo mọ́lẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kejì lè máa sún.

Ibi tí iná wẹ́dà bá ti kàn, ẹ ha á, ẹ fi pírámà onísíńkì kùn ún lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má sùn mọ́ ọn. Ìrì òru kan ti tó fún ìpẹtà láti bẹ̀rẹ̀.

Oníná_Ìjẹ̀rù:

Ẹ jọ̀ọ́, ilé irin ni ẹ ń sọ yìí o, ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ló sì máa wà nínú rẹ̀. Wáyà tó bá gba ojú ihò irin kọjá láìsí rọ́bà, ẹnu irin á gé e díẹ̀díẹ̀, gbogbo ògiri á wá gbé iná. Inú páìpù ni kí gbogbo wáyà gbà. Kí fírémù kọ̀ọ̀kan ní ẹ́ẹ̀tì, wáyà kọ́pà 16 mm², lọ sí ọ̀pá ilẹ̀ méjì tí wọ́n jìnnà síra tó mítà 3, torí ilẹ̀ wa máa ń gbẹ gan-an lọ́yẹ́. Ẹ so gbogbo fírémù pọ̀ mọ́ra. Bírékà RCD 30 mA, èyí tó ń já fúnra rẹ̀ tí iná bá ń jò, fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Èyí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dúnàá dúrà lórí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ á dáná, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fóòmù funfun tó wà nínú pánẹ́lì olówó pọ́ọ́kú máa ń yọ́, ó sì ń gbiná pẹ̀lú èéfín dúdú tó ń pààyàn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Pánẹ́lì oní-rockwool, òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe tí kì í gbiná, ni kí ẹ fi ṣe ògiri ìdáná àti ògiri tó wà láàárín yàrá sí yàrá. Kí sílíńdà gáàsì wà níta, nínú àgò irin tó ní ihò lókè àti nísàlẹ̀. Gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń gbá jọ sí.

Ará_Arówómọlé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ìbéèrè kan kù. Ẹnìkan ní ká kúkú dá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú ilé yìí sílẹ̀ níhìn-ín, pé iṣẹ́ náà ń gbèrú káàkiri ayé. Ṣé òótọ́ ni?

Ayàwòrán_Ilé:

Òótọ́ ni pé ó ń gbèrú. Lọ́dún 2015, wọ́n to ilé alájà 57 ní Changsha ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 19. Láti 2014 ni ìjọba Singapore ti ń sọ ọ́ di dandan lórí àwọn ilẹ̀ kan tí wọ́n ń tà, pé odindi yàrá tí wọ́n ṣe parí ní ilé-iṣẹ́ ni kí wọ́n fi kọ́lé síbẹ̀. Ohun tó gbé e ró níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ò dáwọ́ dúró.

Ẹ wo ibi tí iṣẹ́ ti ń dáwọ́ dúró. Ilé-iṣẹ́ Katerra ní Amẹ́ríkà kó owó tabua jọ, ó sì wọ gbèsè lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2021. Ilke Homes ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kógbá sílé lọ́dún 2023. Ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń jẹun lójoojúmọ́, yálà oníbàárà wá tàbí kò wá: owó háyà, owó oṣù, dísù jẹnẹrétọ̀. Bíríkìlà lè lọ sóko tí iṣẹ́ ò bá sí. Mọṣíìnì ò lè lọ. Tí iṣẹ́ tó dájú fún ọdún kan ò bá tíì sí lọ́wọ́ yín, ẹ má dá a sílẹ̀. Ẹ háyà àyè lọ́wọ́ wẹ́dà tó ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ jó fírémù 8 lórí igi ìwọ̀n kan náà kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba, kí ẹ ra pánẹ́lì wá.

Ẹ tún gbọ́ ti ilé gogoro Nakagin ní Tokyo. Ọdún 1972 ni wọ́n parí rẹ̀, yàrá alágbèékà 140. Èrò wọn ni pé lẹ́yìn ọdún 25 wọ́n á máa pààrọ̀ yàrá tó bá gbó, àmọ́ ẹ ò lè yọ ti ìsàlẹ̀ láì yọ ti òkè, wọn ò sì pààrọ̀ ọ̀kan rí títí wọ́n fi wó o lọ́dún 2022. Tó bá jẹ́ lóòótọ́ lẹ máa kó ilé yín lọ, kí gbogbo bóòtù wà níbi tí sípánà lè dé, kí páìpù omi àti ti ìdọ̀tí ní ojú ìtú níta yàrá. Ẹ má fi kọ̀ǹkéré bo wọ́n mọ́lẹ̀.

Ẹ mú plan yín lọ sọ́fíìsì ìjọba kí páàdì àkọ́kọ́ tó wọlẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ilé tó ṣeé gbé kò nílò àṣẹ ń tàn yín ni.

Ẹnjiníà_Tákíè:

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kún un. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹténà high cube lẹ gbé wá, òun nìkan ga tó mítà 2.9, trélà fúnra rẹ̀ á ga tó 1.5. Ìyẹn mítà 4.4, àwọn wáyà iná kan ní àdúgbò ò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà láti títì dé orí ilẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tí kì í ṣe irin, tí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ láì kan wáyà. Ẹ wo ibi tí kíréènì máa dúró sí pẹ̀lú: kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ 40 lófìfo wúwo tó tọ́ọ̀nù 4. Agbára kíréènì sì ń dín kù bí apá rẹ̀ bá ṣe ń nà jìnnà. Ẹ bi oní-kíréènì iye tó lè gbé ní mítà 8, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ rẹ̀.