Mo da klorín sí púùlù, omi di àwọ̀ tíì, àbàwọ́n sì kọ̀ kò lọ

Ọmọ_Ajílété:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Èmi ni mò ń tọ́jú púùlù òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan lẹ́bàá Under-G níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gígùn rẹ̀ mítà 10, ìbú rẹ̀ mítà 5, omi inú rẹ̀ á tó 75,000 lítà. A fọ̀ ọ́, a fi omi kànga dẹ̀rọ kún un. Omi náà mọ́ gaara, èèyàn lè ka táìlì ìsàlẹ̀. Mo da klorín oníyẹ̀ẹ̀fun sí i lálẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ó ti rí bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Mo tún da òmíràn sí i, ńṣe ló tún dúdú sí i.

Omi ti ń là díẹ̀díẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú ti lẹ̀ mọ́ gbogbo àtẹ̀gùn, àwọn kan tó dúdú sì wà níbi jíjìn, lábẹ́ igi máńgòrò. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́ títí apá fi ń ro mí, kò tiẹ̀ mira. Ọ̀gá ní àwọn oníyàwó ń bọ̀ lópin oṣù, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò létí omi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n dà sí i?

Riwáyà_Sábó:
Àbúrò, lọ ra ásíìdì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣájì bátìrì. Fa omi kúrò lórí àtẹ̀gùn, da ásíìdì lé e. Á hó, á funfun báláú. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀.

Ará_Owódé_Ọ̀yọ́:
Ọ̀rọ̀ pọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n Riwáyà, ẹ má bínú, ásíìdì yẹn á jẹ sìmẹ́ńtì funfun tó wà láàárín táìlì. Tó bá sì pàdé klorín, èéfín tó máa jáde lè gba ẹ̀mí ẹni tó ń họ̀ ọ́.

Ọmọ Ajílété, "kí ni kí n dà sí i" ni gbogbo ẹni tó pè mí wá wo púùlù ń bi mí, wọ́n á sì ti da oríṣiríṣi sí i kí n tó dé. Omi rẹ ò dọ̀tí. Irin ló wà nínú rẹ̀. Irin tó yọ́ sínú omi abẹ́ ilẹ̀ kì í hàn sójú, òun ló jẹ́ kí o rí omi tó mọ́ gaara. Klorín tó kàn án ló sọ ọ́ di ìdógùn-ún. Klorín oníyẹ̀ẹ̀fun a sì tún máa ti pH sókè, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó: bó bá ṣe ga sí i ni kíkan rẹ̀ ń dín kù. Tí pH bá ti ga, irin ò ní dúró sínú omi mọ́, ara táìlì ni yóò wá lẹ̀ mọ́.

Dán an wò ná. Ra fítámìn C oníhóró ní kẹ́míìsì, funfun ni o, kì í ṣe aláwọ̀ ọsàn táwọn ọmọdé ń lá. Tẹ̀ ẹ́ mọ́ àbàwọ́n orí àtẹ̀gùn bí ìṣẹ́jú kan. Ṣe bẹ́ẹ̀ níbi jíjìn náà, kí o wá sọ ohun tí o rí.

Ìyá_Alágbàfọ̀:
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Adúgbò kan náà ni mo ti ń fọṣọ. Aṣọ funfun tí mo bá fi omi kànga wa rẹ, tí oníbàárà bá ní kí n ta bílíìṣì sí i, á pọ́n lápá kan, á funfun lápá kan. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń yọ ọ́. Ìdí táńkì wa gan-an, ẹrẹ̀ pupa ló kún ibẹ̀.

Ọmọ_Ajílété:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe é. Lórí àtẹ̀gùn, ibi tí mo tẹ hóró náà mọ́ ti funfun róbótó, ìwọ̀n hóró náà gẹ́lẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì pupa. Mo mòòkùn lọ síbi jíjìn, tibẹ̀ ò yí padà rárá.

Ará_Owódé_Ọ̀yọ́:
Àbàwọ́n méjì ni nígbà náà. Ewé máńgòrò tó jẹrà ló fa tibi jíjìn. Klorín ló ń lé ìyẹn, ṣùgbọ́n má tíì fọwọ́ kàn án, torí klorín àti fítámìn C ń pa ara wọn ni.

Irin la ó kọ́kọ́ mú. Má da klorín sí i mọ́, jẹ́ kí oòrùn jẹ èyí tó wà níbẹ̀ títí ìdánwò omi á fi sún mọ́ 0. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wẹ̀ níbẹ̀ lásìkò yẹn, ìbáà ṣe ọmọ ọ̀gá. Mú pH wá sí 7.2. Fítámìn C oníyẹ̀ẹ̀fun tí wọ́n ń tà ní kílò kílò ni kí o wá, ó wà lọ́jà kẹ́míkà Ọ̀jọ́ta l'Ékòó. Tí o bá ní ti kẹ́míìsì ni o máa rà, owó ọ̀gá á tán. Ìdajì kílò ló ń tó nǹkan bí 40,000 lítà, tìrẹ á gbà tó kílò kan. Wọ́n ọn yí àtẹ̀gùn ká, kí o tan pọ́ǹpù. Ìṣojú rẹ ni táìlì á fi máa funfun.

Àmọ́ irin ò tíì lọ o, inú omi ló padà sí. Ibí làwọn èèyàn ti ń pariwo pé oògùn ò ṣiṣẹ́: wọ́n á da klorín rẹpẹtẹ sí i lọ́jọ́ kejì, àbàwọ́n á padà wá jókòó. Béèrè metal sequestrant lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò púùlù, òun ló máa di irin mú sínú omi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni klorín á wá máa wọlé díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi wà láàárín mílígírámù 1 sí 3 nínú lítà omi kan, kí pH má kọjá 7.8. Fítámìn C á ti fa alkalinity wálẹ̀, ìyẹn agbára tí omi fi ń di pH rẹ̀ mú kó má yí padà. Fi sodium bicarbonate (baking soda) gbé e padà sí mílígírámù 80 sí 120 nínú lítà kan.

Tí klorín bá ti dúró, rọ ìwọ̀nba rẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀ àlòkù, gbé e lé àbàwọ́n ewé yẹn. Má jẹ́ kí klorín gbígbẹ àti fítámìn C pàdé nínú korobá kan láéláé, iná lè sọ.

Ọmọ_Ajílété:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Tí omi bá fà ńkọ́? Kànga yìí náà la ní.

Ará_Owódé_Ọ̀yọ́:
Má ti páìpù kànga bọ púùlù tààrà mọ́. Jẹ́ kí omi máa já bọ́ sínú táńkì láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè lù ú, kó sùn mọ́jú níbẹ̀, kí ẹrẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀. Òkè táńkì ni kí o ti fà á, kì í ṣe ìdí. Di owú inú ìrọ̀rí sẹ́nu họ́ọ̀sì, fi aṣọ funfun wé e. Tó bá ti pọ́n, pààrọ̀ rẹ̀. Kí o sì bá ọ̀gá sọ ọ́ kí wọ́n gé ẹ̀ka máńgòrò tó nà bo omi yẹn kí àwọn oníyàwó tó dé.