Strings inú laptop ń pẹ́ kó tó jáde, ìkórè sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀

Dùrù_Mọ́kọlá:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín o. Èmi ni mo ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ wa ní Mọ́kọlá, Ìbàdàn, ó ti tó ọdún mẹ́fà. Yamaha PSR àtijọ́ kan la ní. Strings inú rẹ̀ (ohùn agbo fáyólìn) ń dún bíi fèrè ike, ó ti sú mi. Ni mo bá fi wáyà USB so laptop mi mọ́ ọn (Windows, RAM 8GB, hard disk oníyíyí), mo ṣí Kontakt (ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ohùn ohun èlò orin gidi tí wọ́n gbà sílẹ̀ dún), mo gbé strings sí i. Nínú yàrá mi, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo ń gbọ́ bí ọ̀pá ṣe ń ha okùn fáyólìn gan-an.

Sọ́ńdè tó kọjá, ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá tẹ kọ́ọ̀dù, onílù á ti lọ kí ìró tó jáde. Nígbà tí a dé orí ìdúpẹ́, tí ẹsẹ̀ mi wà lórí pẹ́dàlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta pà-pà-pà bí àgbàdo tó ń ta nínú iná. Ohùn PSR ni mo fi parí rẹ̀. Ibi tí à ń ki earpiece bọ̀ ni mo ti fa wáyà lọ sí mixer. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù tí a ó ṣe ìkórè. Ṣé kí n wá owó laptop míì ni?

Wáyà_Abẹ́òkúta:
Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ohun méjì ló ń fa kó pẹ́, ẹ kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ gbé pianó sínú Kontakt yẹn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí pianó náà bá pẹ́, kọ̀ǹpútà ni. Bó bá jáde kíá tí strings nìkan ń pẹ́, bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ nìyẹn: àwọn tó ta fáyólìn náà rọra fa ọ̀pá wọn ni, kò sí laptop tó lè wo ìyẹn sàn.

Ti kọ̀ǹpútà rèé. Kì í jẹ́ kí ìró máa kán jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ń pọn ọ́n sínú garawa, bó bá kún ni yóò tó dà á. Garawa yẹn ni buffer. Bí ẹ̀kán ìró bá jẹ́ 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, garawa tó ń gba ẹ̀kán 512 ń gba nǹkan bí ìdá 12 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kó tó kún, 128 ń gba bí 3. Bó bá kéré jù, kọ̀ǹpútà ò ní lè pọn ọ́n bá a, ó máa ta pà-pà. Dráífà (ètò tó ń gbé ìró jáde) tí Windows fúnra rẹ̀ ń lò tún ń fi tirẹ̀ kún un. Ẹ fi dráífà míì tó ń jẹ́ ASIO4ALL sí i, ọ̀fẹ́ ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti garawa 256.

Ní ti pẹ́dàlì: ìbẹ̀rẹ̀ ìró kọ̀ọ̀kan ni Kontakt ń kó sínú RAM, orí hard disk ló ti ń ka ìyókù bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ di ogún ìró mú lẹ́ẹ̀kan náà, lórí hard disk oníyíyí! SSD, dísíìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ni kí ẹ fi owó yín rà. Kí ẹ sì pa máìkì ọ̀nà jíjìn (èyí tó gba ìgbóhùn gbọ̀ngàn sílẹ̀) inú strings Kontakt náà, ó ń jẹ agbára, ṣọ́ọ̀ṣì yín sì ti ní ìgbóhùn tirẹ̀.

Ìyá_Kọ́áyà:
Ọmọ mi, o káre. Ohun tí wọ́n sọ dáa, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bá ọwọ́ rẹ wí díẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tẹ strings bíi pianó, ìka mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Bí àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rìndínlógún, ìka mẹ́rin ti di fáyólìn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Báwo ni akọrin ṣe fẹ́ gbọ́ ara wọn? Ìka méjì tó lọ́tùn-ún, ẹyọ kan nísàlẹ̀, kí àyè wà láàárín wọn. Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, ìka ni kó máa di ìró mú.

Pianó máa ń kú fúnra rẹ̀ bí o bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Fáyólìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ta gòjé á máa fẹ̀ ẹ́, á máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ẹsẹ orin á fi parí. Mod wheel, kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù, ló ń ṣe ìyẹn nínú Kontakt. Bí PSR rẹ kò bá ní in, ra nanoKONTROL2 ti Korg (pátákó kékeré tó ní slider, ìyẹn bọ́tìnnì tí à ń tì sókè sódò), gbé slider rẹ̀ kan sórí CC1, nọ́mbà tí mod wheel ń lò. Kí o sì jẹ́ kí pianó PSR fúnra rẹ̀ máa dún pẹ̀lú strings yẹn. Pianó á bá onílù dé lásìkò, strings á gbà á lẹ́yìn.

Ẹ̀rọ_Ọ̀ṣọgbo:
Àfikún kékeré. Bí wọ́n bá gba iná tí ẹ tó tan jẹ́ńẹ́rétọ̀, PSR á kú, USB á já, Kontakt kì í sábà rí i padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi PSR sórí UPS. Ẹ má sì lo laptop lórí bátìrì nìkan, Windows á dín agbára rẹ̀ kù.

Dùrù_Mọ́kọlá:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé gan-an ni. Mo dán an wò: pianó pẹ́, strings tún pẹ́ jù ú lọ, àìsàn méjèèjì ló ń ṣe mí. ASIO4ALL ní 256 ti wo ti pianó sàn. Mo ra SSD ní Dùgbẹ̀, pà-pà yẹn kò sì wáyé rárá ní ìdánrawò Ọjọ́bọ̀. Ìyá, mo ṣe é bí ẹ ṣe wí, pianó lábẹ́, ìka méjì lókè. Alto kan yíjú padà wò mí láàárín orin, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ohùn ara òun. Hùùù kan ló kù tó ń tinú ihò earpiece yẹn jáde bí mo bá ki ṣájà bọ laptop. Wáyà, ṣé interface (àpótí tó ń gbé ìró jáde fún laptop) ló máa pa á?

Wáyà_Abẹ́òkúta:
Ẹ kọ́kọ́ fi DI box (àpótí kékeré tí ìró ń gbà kọjá lọ sí mixer) sáàárín laptop àti mixer, kí ẹ tẹ ground lift orí rẹ̀, bọ́tìnnì tó ń já wáyà ilẹ̀ tó so wọ́n pọ̀. Kò wọ́n tó interface.