Ṣé ewì ni èyí tí ojú nìkan lè kà? Ìbéèrè lórí Ian Hamilton Finlay

Olùkọ́ Yorùbá (Ọ̀yọ́):
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ní kíláàsì mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí àwọn ọmọ kọ ewì lórí òjò. Ọmọ kan kọ “òjò” lẹ́ẹ̀kan péré sókè ojú ewé, ó wá ń kọ àmì ohùn ìsàlẹ̀ orí ọ̀rọ̀ náà léraléra bí omi tó ń kán, títí ó fi kan etí ìwé nísàlẹ̀. Mo fún un ní òdo, nítorí pé n kò rí ohun tí ẹnu lè ké níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Wọ́n ní akéwì ará Skọ́tílándì kan, Ian Hamilton Finlay, fi ayé rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kí ló sọ ọ́ di akéwì?

Ọmọ Ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́):
Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Nassau ní Bahamas ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1925, ṣùgbọ́n Skọ́tílándì ni ó dàgbà sí. Ó ṣe ológun, ó da àgùntàn, ó kọ ìtàn kéékèèké, kí òun àti Jessie McGuffie tó dá ilé ìtẹ̀wé Wild Hawthorn Press sílẹ̀ ní 1961. Kò pẹ́ tí ojú ewé fi há jù fún un, ó sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sórí gíláàsì, igi àti òkúta. Ní 1966, òun àti Sue ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí oko kan ní òkè Pentland, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbá ilẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà tí a mọ̀ sí Little Sparta. Ìbẹ̀rù ìta gbangba sé e mọ́bẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà, ayé ni ó ń wá bá ewì rẹ̀ nílé títí ó fi kú ní 2006. Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Saint-Just ará Faransé, pé ètò òní ni rúdurùdu ọ̀la: ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lórí òkúta ńlá tirẹ̀, ẹsẹ̀ ni a sì fi ń kà á.

Afíngbá (Ọ̀yọ́):
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ tún ìwé ọmọ yẹn wò. Finlay kì í gbẹ́ òkúta náà fúnra rẹ̀. Ó ń gbéṣẹ́ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n gbẹ́, ó sì ń kọ orúkọ wọn mọ́ tirẹ̀, èyí tí ó wú èmi oníṣẹ́ ọwọ́ lórí gidigidi. Irú ewì yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nínú àrokò, ẹni tó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni náà, nítorí pé “fà” wà nínú “ẹẹ́fà”. Ojú rí owó ẹyọ, etí inú gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni òjò ní, àmì rẹ̀ sì ń dà wálẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, bí òjò tí atẹ́gùn ń tì. Ọmọ náà rí i.

Oníjàálá (Ògbómọ̀ṣọ́):
N kò gbà tán. Ìjálá tí mo jogún lọ́wọ́ bàbá mi, bí mo bá ti pa ẹnu dé, kò sí mọ́. Ẹ fún ọmọ náà ní máàkì iṣẹ́ ọnà, ṣùgbọ́n ewì gbọ́dọ̀ ní èémí ènìyàn nínú.

Olùkọ́ Yorùbá (Ọ̀yọ́):
Ẹ ṣeun púpọ̀. N kò kíyè sí ibi tí àmì náà dorí kọ rárá. Mo ti pa òdo yẹn rẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, n óò ní kí ọmọ náà lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ pátákó, kí ó sì sọ ohun tí ó rí fún gbogbo kíláàsì.