Aṣèṣirò ni, àbí aṣìṣirò?

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú kéékèèké nípìnlẹ̀ Oǹdó pa "ayárabíàṣá" tì, kí wọ́n máa pe kọ̀ǹpútà ní "aṣèṣirò", mo kí yín o. Ẹ ní iṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ ká fi sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe eré sísá. Ó dáa. Fáwẹ̀lì wo ló ṣẹ́kù nígbà tí "ṣe" pàdé "ìṣirò"? "Ṣe ìdájọ́" di "ṣèdájọ́", mo gbà. "Ṣe iṣẹ́" ńkọ́? "Ṣiṣẹ́" ni, kò sẹ́ni tó ń sọ "ṣeṣẹ́". Ọmọ tó bá tẹ̀lé "ṣiṣẹ́" á kọ "aṣìṣirò", "ṣì" inú "àṣìṣe" àti "àṣìsọ" sì ni etí á gbọ́. Ẹ̀rọ tí ń ṣi ìṣirò ṣe lẹ fẹ́ gbé wọ kíláàsì yẹn!

Ẹ tún ní kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ kò yára. Èyí tí eruku ti dí fáànù rẹ̀ á gbóná, á sì dẹwọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kó má baà jóná. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, ẹ tú ìdérí, ẹ fi ìka di fáànù mú kó má yí, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kúrò. Àṣá á tún fò. Orúkọ kì í sì í yí torí pé iṣẹ́ yí: àwọn èèyàn ń fi fóònù fèsì sí rédíò lójoojúmọ́, síbẹ̀ asọ̀rọ̀mágbèsì ló ń jẹ́.

Àmì ló yẹ ká jà lé lórí. Ọmọ tó kọ "ayárabíàṣà" ti sọ ẹyẹ di ìṣe àwọn baba rẹ̀. Nínú Word tí a fi ń tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ 1E63, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi mọ lẹ́tà náà, kí ẹ tẹ Alt pẹ̀lú X, "ṣ" á jáde. 00ED ni ti "í", ṣùgbọ́n nínú "bí" gan-an ni wàhálà wà: lẹ́tà A dé F wà lára òǹkà yẹn, Word á ka "b" mọ́ ọn, á sì gbé e mì. Ẹ kọ́kọ́ ṣàmì sí 00ED nìkan kí ẹ tó tẹ Alt àti X. Ní ti "ẹ́", kò ní nọ́ńbà tirẹ̀: 1EB9 pẹ̀lú Alt àti X ṣáájú, 0301 pẹ̀lú Alt àti X tẹ̀lé e.

Ẹni tó ní ká máa pe máòsì ní "eku", èyí tí kò ní wáyà mọ́ ńkọ́? Ẹ bi àwọn àgbà ọdẹ Ìdànrè bóyá eku tí kò nírù ṣì ń jẹ́ eku.