Ṣé èèyàn lè fi oboe jẹun? Ọmọ mi ní òun ò ka lọ́ọ̀ mọ́

MamaTomi_SE15: Ẹ kú ilé o. London la wà, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, ó ní oboe, irú fèrè kan tí wọ́n ń fọn nínú ọ̀kẹ́sítírà, lòun fẹ́ lọ kọ́ ní Royal College of Music. Dádì ẹ̀ ti gbaná jẹ, ó ní ṣé fèrè ló fẹ́ máa fọn káàkiri ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ṣé owó wà níbẹ̀?

Afunfere_Leeds: Mọ́mì, ẹ kú àníyàn ọmọ. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Ààyè ò pọ̀ rárá, ọ̀kẹ́sítírà ńlá kan lè ní fayolín ọgbọ̀n, àwa ò sábà ju méjì mẹ́ta lọ, ẹni tó bá sì ti jókòó kì í fẹ́ dìde. Marcel Tabuteau, ọ̀gá nínú oboe fífọn, wọ Philadelphia Orchestra ní 1915, 1954 ló tó kúrò, ẹ wo bí ẹni tó ń retí àga yẹn á ṣe dúró tó! Torí ẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ló ń kọ́ ọmọ iléèwé, tá a sì ń bá wọn fọn lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá ń ṣàìsàn. Owó tíṣà ni mo fi ń san rẹ́ǹtì. Ẹ má sì fojú kékeré wò ó o, bí Tabuteau ṣe kọ́ àwọn ọmọ ní Curtis, iléèwé orin kan ní Philadelphia, ló jẹ́ kí oboe Amẹ́ríkà dún yàtọ̀ sí ti Yúróòpù títí dòní.

Reed, ìyẹn esùsú kékeré tá a máa ń fi sẹ́nu fọn ún, ló máa yọ ọ́ lẹ́nu jù. Fúnra wa la máa ń fi ọ̀bẹ ha á, èèyàn á jókòó tì í di òru, reed ọ̀hún ò sì ní pẹ́ tó fi máa bàjẹ́.

OmoOnika: Kó ka lọ́ọ̀ jàre, kó máa fọn ún ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè 😂

Kola_bass: @OmoOnika ìwọ náà! Mọ́mì, ẹ rántí ìnṣọ́ránsì o, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ yìí. Mọ́tò ṣe Léon Goossens, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbajúmọ̀ nídìí oboe, léṣe ní 1962, ó ba ètè àti eyín ẹ̀ jẹ́, bàbá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó ṣì tún kọ́ bó ṣe máa fọn ún padà.

MamaTomi_SE15: Háà! Ẹ ṣeun o. Èló wá ni wọ́n ń ta oboe gan-an?

Afunfere_Leeds: Èyí tó dáa, ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn lọ́nà mélòó kan ni. Ẹ yá a lò ná. Tẹ́ ẹ bá sì máa ra onígi, kó má kàn fọn ún nínú òtútù o, ó lè sán.