Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n jáde nínú ẹgbẹ́ àwa tí a jọ ṣiṣẹ́ ìjọba?

Ìyá Akọ̀wé
Ẹ kú ilé o. Kíkà ni mo máa ń kà níbí, mi ò kì í kọ nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ń gba oorun lójú mi. Iléeṣẹ́ ìjọba kan n'Ìbàdàn ni mo ti ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Mo wọlé ní 1979, mo fẹ̀yìntì ní 2014 nígbà tí mo pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Tápíìsì ni mí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ohun tó ń jẹ́ sítẹ́ńsù, bébà oníìda tí a máa ń tẹ ọ̀rọ̀ sí kí ẹ̀rọ tó fi tẹ ẹ̀dà púpọ̀ jáde. Tí o bá ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo tẹ̀, wàá fi omi pupa kan bíi ti èékánná kùn ún, wàá máa fẹ́ ẹ lẹ́nu títí á fi gbẹ, kí o tó tún un tẹ̀. Èmi kì í sábà lo omi pupa yẹn.

Ọdún tó kọjá ni àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Àwọn tí mo ti rò pé wọ́n ti sùn, mo rí fọ́tò wọn. Ṣùgbọ́n aago márùn-ún ìdájí ni àdúrà ti ń wọlé, ẹnì kan á fi bíi mẹ́fà ránṣẹ́. Ọ̀gá wa àtijọ́ ti lé lọ́gọ́rin ọdún, síbẹ̀ èmi náà ló ń pè kí n wá kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, bí ẹni pé òun ló ṣì ń san owó oṣù mi.

Wọ́n ní ká ra ańkárá, yáàdì mẹ́fà, ₦18,000. Aláwọ̀ ewé ni. Èmi kì í wọ aláwọ̀ ewé, kò yẹ mí, gbogbo wọn ló sì mọ̀. Owó oúnjẹ tún wà lọ́tọ̀. A pàdé ní Bódìjà lóṣù Kejìlá. Ìrẹsì ti tutù, ẹran ò dé tábìlì wa rárá. Ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi mí sí, etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn àtijọ́, àgbàlagbà ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ibẹ̀ ni bàbá kan tó jẹ́ mẹ́sẹ́ńjà wa ti dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi níṣojú gbogbo èèyàn. Bàbá tó jù mí lọ! Mi ò lè jẹun mọ́.

Ìpàdé kejì di oṣù tó ń bọ̀, ilé bàbá yìí gan-an ní Ẹdẹ ni wọ́n mú un lọ. Ṣé kí n yọ ara mi kúrò jẹ́ẹ́jẹ́, àbí kí n ní ara mi ò yá? Ẹ jọ̀wọ́, mi ò fẹ́ èébú.

Ìyá Ìbejì Òjòó
Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò lówó ańkárá. Owó ìfẹ̀yìntì wo ló fẹ́ gba aṣọ ẹgbẹ́ lóṣooṣù? Ìyá ọkọ mi wà lẹ́gbẹ́ mẹ́rin, kọ́bọ́ọ̀dù ò ṣe é pa dé mọ́ nítorí aṣọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ń ṣàìsàn, ẹni méjì péré ló wá kí i.

Ọmọ Ẹlẹ́kọ
Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ò yé mi. Ẹnì kan dọ̀bálẹ̀ fún yín, inú ń bí yín. Tó bá jẹ́ pé ó kọjá lára yín láìkí yín, ẹ̀yin náà lẹ máa wá síbí wá sọ pé mẹ́sẹ́ńjà àná ti di ọ̀gá.

Bàbá Rélùwéè
Ìwọ ọmọ yìí, má dá wọn lóhùn. Ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń fi àgbà sí. Èmi ṣe Rélùwéè ní Ẹbúté Mẹ́tà. Ẹdẹ tí o dárúkọ yẹn, ọkọ̀ wa máa ń dúró níbẹ̀ kó tó dé Òṣogbo, àwọn obìnrin á sì gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá sójú fèrèsé. Àwa náà máa ń pàdé. A jẹ́ mẹ́rìnlélógún nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ó ti ku méje. Nígbà tí Údòjì dé, ìyẹn àfikún owó oṣù tí ìjọba fún òṣìṣẹ́, mo ra rédíò ńlá tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, tó ń kọ rẹ́kọ́ọ̀dù. Gbogbo àdúgbò ló ń wá gbọ́ ọ. Ìwọ lọ síbi ìpàdé rẹ. Lọ́jọ́ kan, kò ní sí ẹni tó máa mọ ohun tí o ń sọ tí o bá ní sítẹ́ńsù.

Alágbádá
Bàbá, ẹ ṣeun. Údòjì 1974 yẹn, bàbá mi fi tiẹ̀ ra alùpùpù ni.

Bàbá Rélùwéè
1975 ni.

Alágbádá
1974 ni, bàbá. Ó wà nínú ìwé.

Bàbá Rélùwéè
Ìwé lo kà, èmi gba owó. Àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà ló jáde ní 1974. Ìbẹ̀rẹ̀ 1975 lowó kan ọwọ́ òṣìṣẹ́, wọ́n sì ka ẹ̀kún rẹ̀ láti oṣù Kẹrin 1974, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kó tó di oṣù kejì, gàrí náà ti gbọ́ pé a gbowó.

Àbúrò Peckham
Ẹ̀rín pa mí. Gàrí gbọ́! Nọ́ọ̀sì ni màmá mi, àwọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìntì níbí náà ní ẹgbẹ́ tiwọn. Ìjà ni wọ́n máa ń fi parí ẹ̀, wọ́n á tún pàdé lóṣù tó tẹ̀ lé e. Màmá, ẹ lọ jàre.

Alákòóso
Ẹ jẹ́ ká fi Údòjì sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Màmá, ohun kan wà tí ẹ fò. Kí ló dé tí bàbá yẹn fi dọ̀bálẹ̀?

Ìyá Akọ̀wé
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Bàbá wa, ẹ kú àgbà o, ẹ̀mí yín á gùn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, Ìyá Ìbejì. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà lè ra ańkárá fún gbogbo ẹgbẹ́ náà. Aláwọ̀ ewé ni mi ò fẹ́. Ìrẹsì tútù yẹn náà, ẹ má fojú kéré ẹ̀, èmi tí mo máa ń se oúnjẹ àsè ọ́fíìsì wa nígbà kan.

Ọmọ Ẹlẹ́kọ
Ẹ ò dáhùn o.

Ìyá Akọ̀wé
Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lo bí mi ni? Ó dáa. Ní 1991, wọ́n dá bàbá yẹn dúró fún oṣù mẹ́ta láìsan kọ́bọ̀ fún un, nítorí fáìlì kan tó sọnù. Ó ní ìyàwó àti ọmọ márùn-ún. Mo ń gbé ìrẹsì kóńgò mẹ́ta àti ìgò òróró kan lọ sílé ẹ̀ lóṣooṣù títí wọ́n fi gbà á padà. Ohun tó dúpẹ́ fún nìyẹn. Ó ní gbogbo ọ́fíìsì sá fún òun nígbà yẹn, èmi nìkan ni mo rántí òun. Ó sì fi ọ̀rọ̀ fáìlì yẹn ṣe àwàdà, ó ní àńjọ̀nnú ló gbé e. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ìbejì Òjòó
Háà! Màmá! Irú èèyàn báyìí ló ṣọ̀wọ́n o. Ọlọ́run á san án fún yín lára ọmọ. Ẹ lọ, ẹ ra ańkárá náà, ẹ lọ gba ọ̀wọ̀ yín.

Àbúrò Peckham
Omijé bọ́ lójú mi nínú bọ́ọ̀sì. Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún yín ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ẹlẹ́kọ
Mo tọrọ àforíjì, Màmá. Ẹ ò ṣá sọ ọ́ látàárọ̀.

Ọlọ́jà Mókọ́lá
Èmi náà ṣe régístrì, ibi tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì, fún ọdún 22. Ẹ má bínú o, ẹnu iṣẹ́ ló kọ́ mi ní ìbéèrè. Fáìlì kì í dédé sọnù. Ìwé kan wà tí a máa ń kọ ìrìn fáìlì sí: ẹni tó gbé e, ọjọ́ tó gbé e, ẹni tó gbé e fún. Orúkọ ta ló kẹ́yìn níbẹ̀?

Ìyá Akọ̀wé
Tirẹ̀.

Ọlọ́jà Mókọ́lá
Ta ló wá ní kó gbé e fún?

Alákòóso
Ìyá Mókọ́lá, ẹ rọra. Kì í ṣe ilé ẹjọ́ la wà.

Ọlọ́jà Mókọ́lá
Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi mọ ohun tí mo ń béèrè, Màmá náà sì mọ̀.

Alágbádá
Kí la tún ń wá níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ọdún 1991! Ẹni tó gbé oúnjẹ fún ẹlòmíì lẹ fẹ́ sọ di ọ̀daràn.

Ìyá Akọ̀wé
Mi ò sùn lálẹ́ àná. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ ojú mi.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n kéde ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n yọ kúrò lára Ọ̀yọ́ tiwa. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ò lè mọ bí ọ́fíìsì ṣe dà rú. Wọ́n ń pín òṣìṣẹ́, wọ́n ń pín fáìlì, wọ́n ń pín àga àti tábìlì. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ọ̀ṣun ń dẹrù lọ sí Òṣogbo. Iṣẹ́ pọ̀ lórí tápíìsì ju bí mo ṣe lè sọ lọ, orúkọ lásán là ń tẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọmọ Ẹdẹ ni mẹ́sẹ́ńjà wa, ó wà lára àwọn tó ń lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lóṣù Kẹsàn-án, ó gbé fáìlì kan láti régístrì, ó gbé e sórí tábìlì ọ̀gá. Ọ̀gá ti jáde. Lẹ́tà mẹ́ta tó kù kí n tẹ̀ wà nínú ẹ̀, ara ọmọ mi kékeré sì ń gbóná nílé. Mo gbé fáìlì náà sínú báàgì mi. Ó lòdì sófin, mo mọ̀. Mo ní kó tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, màá ti dá a padà síbi tó wà. Èmi ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí mo fi ń gba iṣẹ́ ṣe nílé.

Òjò rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Páànù ilé wa ní Yemẹtù ń jò, mi ò sì mọ̀ pé orí báàgì yẹn ló ń jò sí, torí ọmọ ni mo dojú kọ. Nígbà tó máa di àárọ̀, íǹkì inú ẹ̀ ti ṣàn, ìwé ti lẹ̀ mọ́ra. Mi ò lè gbé e padà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ń wá a. Ọ̀gá ní òun ò rí fáìlì kankan lórí tábìlì òun, òótọ́ ló sì sọ. Mẹ́sẹ́ńjà ní òun gbé e síbẹ̀, òótọ́ ni tirẹ̀ náà. Orúkọ ẹ̀ nìkan ló wà nínú ìwé. Èmi ni mo tẹ kùẹ́rì tí wọ́n fún un, ìwé tí wọ́n fi ní kó wá wí tẹnu ẹ̀. Èmi náà ni mo tẹ lẹ́tà tí wọ́n fi dá a dúró. Mi ò ṣi lẹ́tà kankan tẹ̀.

Nígbà tí wọ́n máa fi gbà á padà, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ ní Òṣogbo. Ó tó ọdún méjì kó tó rí ààyè lọ, ó sì kéré sí wọn ní ipò títí ó fi fẹ̀yìntì. Ìyẹn náà ló fi ṣe àwàdà ní Bódìjà. Ó ní oṣù mẹ́ta yẹn lòun kọ́ bí wọ́n ṣe ń kiri gàrí.

Fáìlì náà wà lọ́dọ̀ mi. Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ òfì mi ló wà.

Ọlọ́jà Mókọ́lá
Mo ti fura. Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá.

Alágbádá
Ẹ sun ún. Lónìí yìí. Fáìlì ìjọba ni, ẹ ò mọ ohun tó lè tìdí ẹ̀ yọ.

Ọmọ Ẹlẹ́kọ
Ẹ sun kí ni? Kó lè wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì? Ìrẹsì kóńgò mẹ́ta lẹ fi ra ọkùnrin yẹn, Màmá.

Ìyá Ìbejì Òjòó
Ọmọ Ẹlẹ́kọ, ẹnu rẹ mú jù! Ìyá rẹ lo ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé ìwọ ò rí i pé ọmọ ń ṣàìsàn lọ́wọ́ ẹ̀?

Ọmọ Ẹlẹ́kọ
Bàbá yẹn náà ní ọmọ. Márùn-ún.

Àbúrò Peckham
Ó ti rẹ́rìn-ín sí i o. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Tí ẹ bá sọ fún un báyìí, ṣé ara tiyín lẹ fẹ́ tù ni, àbí tirẹ̀? Ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Bàbá Rélùwéè
Rárá o. Ìwọ tápíìsì, gbọ́ mi. Má dúró de ọjọ́ ìpàdé. Má sọ ọ́ níwájú èrò, nítorí níwájú èrò yóò ní kò burú, ojú ló máa tì í. Lọ bá a nílé ẹ̀, ìwọ àti òun. Mú fáìlì yẹn dání. Tó bá fẹ́ bínú, jẹ́ kó bínú. Tí kò bá sì fún ọ lómi mu, má mu omi. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni mí, mo ti sin ẹni méjì tí mo yẹ kí n ti bẹ̀.

Ìyá Akọ̀wé
Mo pe fóònù ẹ̀ lówùúrọ̀ yìí. Ìyàwó ẹ̀ ló gbé e. Ó ní bàbá ti lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì wò, láti mọ ẹni tó ṣì wà láàyè. Mo sọ orúkọ mi. Ó pariwo, ó ní, "Ṣé Ìyá Akọ̀wé tó ń gbé oúnjẹ wá fún wa?" Ó wá ń pe àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ kí wọ́n wá kí mi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gba fóònù. Mi ò lè sọ nǹkan kan fún un.

Mo ti yọ fáìlì jáde, mo fi láílọ́ọ̀nù wé e. Ìwó Road ni mo ti máa wọ ọkọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Ìyá Ìbejì Òjòó
Màmá, ẹ jẹun kí ẹ tó kúrò nílé o. Aṣọ wo lẹ fẹ́ wọ̀?

Ìyá Akọ̀wé
Ańkárá aláwọ̀ ewé yẹn. Àṣé mo ti rà á látọjọ́ yìí.