Ìjọ fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àdúgbò: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Akápò_Ìjọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà. Ìgbìmọ̀ ìjọ ti fọwọ́ sí i pé ká fi apá kan owó ìkórè ọdún yìí gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún gbogbo àdúgbò, kì í ṣe fún ọmọ ìjọ nìkan. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, kànga ilé á gbẹ, ọlọ́kọ̀ omi ni kálukú á máa dúró dè. Nǹkan bí èèyàn 600 ló máa pọn níbẹ̀. Irú pọ́ǹpù wo ló yẹ? Ta ni yóò máa bójú tó o? Ṣé ká máa gbowó? Pásítọ̀ ní ọ̀fẹ́ ni kó jẹ́. Bàbá Ìjọ ní ohun ọ̀fẹ́ kì í pẹ́ bàjẹ́.

Agbẹ́lẹ̀:
Orí òkúta ni Ìbàdàn jókòó lé. Inú ilẹ̀ tó ti rà lórí òkúta yẹn, àti ojú ibi tí òkúta ti là, ni omi ń sá pamọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí kànga kan fi lè lómi dáadáa, tí èyí tó wà lẹ́yìn ilé kejì á sì gbẹ táútáú. Ẹ jẹ́ kí onímọ̀ ilẹ̀ gbé ẹ̀rọ tó ń rán iná mànàmáná sínú ilẹ̀ wá, kó wo ojú ibi mẹ́ta ó kéré tán. Bí Wòlíì bá ti rí ìran nípa ibì kan, kò burú, ẹ fi kún àwọn ibi tí wọ́n máa wò. Ibi tí ẹ bá yàn gbọ́dọ̀ jìnnà tó 30 mítà sí ṣalángá àti sọ́kàwéè, tiyín àti ti aládùúgbò, kó sì wà lápá òkè wọn bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ, kí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ dúró tì wọ́n, kó máa kọ ibi tí wọ́n ti bá omi sílẹ̀. Páìpù PVC oníínǹṣì márùn-ún ló wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n la ojú sí lára, iwájú ibi tí omi ti ń wọlé nìkan ló yẹ kó wà. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti fọ̀ á yí i ká, àmọ́ láti ojú ilẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ tó mítà mẹ́ta, sìmẹ́ǹtì ni kí wọ́n fi dí ẹ̀gbẹ́ páìpù pa. Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti máa ń jí iṣẹ́ ṣe, torí bí wọ́n bá ti bo ilẹ̀, kò séni tó máa rí i. Bí òjò bá wá dé, àgbàrá á gba ẹ̀gbẹ́ páìpù sọ̀kalẹ̀, omi á máa rùn.

Ẹ má ra pọ́ǹpù kí ẹ tó dán kànga wò. Kí wọ́n fa omi fún odidi ọjọ́ kan bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n máa wọn bó ṣe ń lọ sílẹ̀ àti bó ṣe ń padà. Bí kànga bá ń mú 1,800 lítà wá ní wákàtí kan, tí ẹ wá ju pọ́ǹpù tó ń fa 3,000 sínú rẹ̀, omi á tán lẹ́nu pọ́ǹpù, mọ́tò á jó.

Omi_Mímọ́:
Kànga tuntun ò mọ́ o. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, páìpù àti irinṣẹ́ ti kó ìdọ̀tí wọ inú rẹ̀. HTH ni kí ẹ lò, kẹ́míkà funfun tí wọ́n ń dà sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì. Mítà kan omi nínú páìpù ínǹṣì márùn-ún tó lítà 12. Bí omi inú rẹ̀ bá ga tó 40 mítà, ìyẹn ń lọ sí 500 lítà, HTH gíráàmù 40 sì tó o. Ẹ sọ ọ́ di 80 nítorí omi tó fara pamọ́ sáàárín òkúta wẹ́wẹ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ike ni kí ẹ fi pò ó, níta gbangba, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Omi ló ń ṣáájú, kẹ́míkà ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ dà á sínú kànga, ẹ fa omi títí òórùn rẹ̀ á fi jáde lẹ́nu gbogbo ẹ̀rọ, kí ẹ wá tì í pa fún wákàtí 12 sí 24. Lẹ́yìn náà, ẹ fà á dànù, ṣùgbọ́n kì í ṣe sínú odò tàbí sórí ewébẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí òórùn yẹn bá lọ tán ni kí ẹ tó bu omi lọ fún àyẹ̀wò. Bí kẹ́míkà bá ṣì wà nínú rẹ̀, èsì tó mọ́ tónítóní ni wọ́n máa fún yín, irọ́ sì ni. NIS 554 ni òdiwọ̀n Nàìjíríà: kòkòrò E. coli ò gbọ́dọ̀ sí rárá nínú 100 mílílítà. Irin ò gbọ́dọ̀ ju 0.3 mílígíráàmù nínú lítà kan. Nitrate, kẹ́míkà kan tó máa ń yọ́ sínú omi, ò gbọ́dọ̀ ju 50 mílígíráàmù. Irin tó pọ̀ á sọ aṣọ funfun di pípọ́n, ẹni tó ń fọṣọ á sì pa omi yín tì. Nitrate tó ga sábà máa ń tọ́ka sí ṣalángá tàbí ajílẹ̀, omi sísè ò sì lè mú un kúrò.

Sólà_Ìbàdàn:
Ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí owó epo bá tán ni omi náà tán. Ẹ jẹ́ kí sólà máa fa omi tààrà lọ́sàn-án láìsí bátìrì. Inú táǹkì ni kí ẹ tọ́jú omi sí. Pọ́ǹpù hp kan fẹ́ pánẹ́ẹ̀lì tó 1,100 wáàtì sókè nítorí eruku ọyẹ́ àti kùrukùru. Kí wọ́n kọjú sí gúúsù, kí wọ́n dẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ wọ́n.

Ẹ ṣírò o: èèyàn 600, lítà 20 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 12,000 lítà lóòjọ́ nìyẹn. Kànga tó ń mú 1,800 lítà wá ní wákàtí kan, tí oòrùn sì ràn dáadáa fún wákàtí mẹ́fà, 10,800 lítà ló máa fún yín. Ẹ tètè sọ fún àdúgbò pé kò ní kárí tán.

Ìyá_Ìgbìmọ̀:
Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ rìn yí àdúgbò ká, kí ẹ ka kànga ẹ̀rọ tó ti kú níbẹ̀: ti aṣòfin, ti ìjọba ìbílẹ̀, ti ẹgbẹ́ kan tàbí òmíràn. Pọ́ǹpù nìkan ló kú nínú òmíràn, títún un ṣe sì lè má tó ìdajì owó tuntun. Ẹ bi àwọn tó ń gbé ìtòsí rẹ̀ léèrè ohun tó pa á. Ohun tí wọ́n máa sábà sọ ni pé ẹni tó gbé e wá ti lọ, kò sì fi kọ́kọ́rọ́ tàbí owó síbẹ̀.

Bí ẹ bá wá fẹ́ gbẹ́ tuntun, ẹnu ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà níta ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, lójú títì, mẹ́rin ó kéré tán. Èyí tó bá wà nínú ọgbà, wọ́n á tì í lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á tì í lálẹ́ àìsùn, Mùsùlùmí míì á sì máa ronú kó tó wọlé. Ẹ má so ìwé ìwàásù mọ́ omi.

Ìgbìmọ̀ ẹni márùn-ún: méjì láti inú ìjọ, ẹnì kan láti mọ́ṣáláṣí, ẹnì kan láti CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò), obìnrin kan lára àwọn tó ń pọnmi gan-an. Kí ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé báńkì jẹ́ mẹ́ta, kó má ṣe jẹ́ ará ìjọ nìkan. Ọ̀rọ̀ Pásítọ̀ àti ti Bàbá Ìjọ ò takora: ẹ má ta omi, ẹ gba owó àtúnṣe. Iye kékeré lórí ilé kọ̀ọ̀kan lóṣù sàn ju owó orí kẹ́ẹ̀gì lọ, torí ti kẹ́ẹ̀gì ń fẹ́ ẹni tó máa jókòó tì í, owó oṣù ẹni yẹn á sì jẹ owó àtúnṣe tán. Ẹ yọ àwọn arúgbó àti aláìlólùrànlọ́wọ́ sílẹ̀, kí ẹ má sì kéde orúkọ wọn.

Kí àwọn trustee ìjọ, ìyẹn àwọn tí dúkìá ìjọ wà lórúkọ wọn, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé ilẹ̀ tí ẹnu ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀ jẹ́ fún ìlò àdúgbò. Pásítọ̀ kì í pẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ síbòmíràn. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ lè fẹ́ fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Akápò_Ìjọ:
Ẹ ṣeun gan-an. Oṣù Kọkànlá ni ìkórè wa. Ṣé ká gbẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e?

Agbẹ́lẹ̀:
Rárá o, omi òjò ṣì wà nínú ilẹ̀ nígbà yẹn, kànga á tàn yín jẹ. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ nínú oṣù Kejìlá, kí ẹ gbẹ́ ẹ láàárín oṣù Kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Bí ẹ bá jẹ́ kó kọjá ìyẹn, ọkọ̀ agbẹ́kànga lè rì sínú ẹrẹ̀ yín.